Ìgèdè-Èkìtì: Omi Gbéra, Orúkọ Jókòó

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Bàsírì, ní Adó-Èkìtì, tó forí lé ọ̀nà Iléṣà, Ìyìn ni yóò kọ́kọ́ kàn, Ìgèdè ni yóò tẹ̀ lé e, kó tó dé Aràmọkọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í dúró ní Ìgèdè àfi tí èrò kan bá kígbe pé òun ń sọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlú tí wọ́n ń bá eré kọjá yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ní odò Ọ̀ṣun ti sun.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kan á sọ pé òkè tó wà lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni. N kò bá wọn jà. Odò tó bá tóbi kì í ní ojú kan ṣoṣo. Omi tó ń ti ara àpáta Èkìtì sun kò níye, ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé àlàyé yẹn lọ sí ààfin Onígèdè o. Ìgèdè ń bọ Ọ̀ṣun, wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, wọ́n sì mọ ìsun tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Láti ibẹ̀, omi náà gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó kọjá lẹ́bàá Ẹdẹ, ó ya sí gúúsù. Wọ́n sé e ní Aṣèjìrẹ kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, lẹ́yìn náà ló lọ kó sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Gbogbo ìrìn yìí, Òṣogbo ló jèrè rẹ̀ jù. Ní 2005, àjọ UNESCO gba igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, tí ayé fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Kódà, nígbà tí ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ kan sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, 1991, orúkọ odò yìí ni wọ́n fún un. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń jẹ́ orúkọ omi tó sun ní Èkìtì! Èkìtì kò sì bá a ṣẹjọ́.

Òkìkí náà ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn awakùsà tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà da omi náà rú débi pé ó pọ́n bí ẹrẹ̀ nígbà tó dé Òṣogbo. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùbọ pé kí wọ́n má mu ún. Ìgèdè wà lókè, níbi tí omi náà kò tíì pàdé awakùsà kankan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ilẹ̀ ibí gan-an, ilẹ̀ iṣu àti kòkó ni. Lọ́wọ́ òjò, ebè iṣu á tò lọ bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wọlé, wọn á sá kòkó sí etí ọ̀dà, ọmọdé á máa fẹsẹ̀ tú u kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ tó kan bí ọtí á máa bá èrò wọkọ̀. Obìnrin tó ń ta iṣu á kí yín, "Ẹ kú ùrìn o." Iṣu tó wà níwájú rẹ̀, *uṣu* ló ń pè é, ibi tó sì ti gbé e wá, *ulé* ni. Ẹ má wulẹ̀ bá a dúnàádúrà púpọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó jẹ iyán Èkìtì rí yóò padà wá.

Kì í ṣe oníbàárà iṣu nìkan ló ń gba irú ọ̀nà yìí wá; òun náà ni ìyà gbà wọ Èkìtì láyé àwọn baba ńlá wa. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú rẹ̀, sí àwọn ìlú Èkìtì, àwọn ajẹ́lẹ̀ ń jẹ gàba, títí jagunjagun Fábùnmi fi gbá wọn jáde ní Òkèmẹ̀sí, tí Èkìtìparapọ̀, àjọ ogun àwọn ìlú Èkìtì àti àwọn alájọṣe wọn, sì gbára jọ. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti Ìbàdàn ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ibùdó ogun kò tú pátápátá títí di 1893.

Ọ̀rọ̀ ìjọba òde òní ló wá jọ mí lójú jù. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì lára Oǹdó ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1996, ìpínlẹ̀ tuntun náà ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, ọ̀kan nínú wọn sì fi Ìgèdè ṣe olú ìlú. Ìyìn, Afàò, Àwo, Ìgbẹ́mọ tí wọ́n mọ̀ fún ìrẹsì, àti Ìwòròkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, àwọn èèyàn agbègbè náà lé ní 129,000. Ta ni wọn ó wá fi orúkọ rẹ̀ pè é láìjẹ́ pé ìlú kan bínú? Wọ́n pè é ní Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ní Kwara, Ìrẹ́pọ̀dùn dá wà, Ìfẹ́lódùn dá wà. Bákan náà ni ní Ọ̀ṣun. Èkìtì nìkan ló kó méjèèjì fún ìjọba kan, bóyá nítorí ẹyọ kan kò tó parí ìjà.

Agbègbè yìí ti bí gómìnà Èkìtì méjì: Níyì Adébáyọ̀, tí wọ́n dìbò yàn ní 1999, àti Ayọ̀délé Fáyóṣe tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2003. Ọmọ Ìyìn ni ti àkọ́kọ́, ọmọ Afàò ni ìkejì. Olú ìlú ń wò wọ́n. Lórí lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ orúkọ gígùn yẹn, níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí: Ìgèdè-Èkìtì.