Ojú Ààlà Ihò Dúdú: Iṣẹ́ Jacob Bekenstein àti Ohun Tó Bí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, John Wheeler gbé ọ̀rọ̀ kan ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Jacob Bekenstein, tí wọ́n bí ní Mexico City ní 1947. Ó ní bí òun bá da tíì gbígbóná mọ́ èyí tó tutù, òun ti fi kún rúdurùdu ayé, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá ju ife tíì náà sínú ihò dúdú ńkọ́? Ṣé òun kò ti bo ẹ̀ṣẹ̀ òun mọ́lẹ̀ nìyẹn? Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bekenstein padà wá pẹ̀lú èsì: ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bò. Ihò dúdú ti gbà á sára.

Rúdurùdu yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní ẹ́ńtírópì. Òfin kan tí kò tíì yẹ̀ rí sọ pé àpapọ̀ rẹ̀ kì í dín kù. Bí ihò dúdú bá ń gbé nǹkan mì tí kò sì ní ẹ́ńtírópì tirẹ̀, a jẹ́ pé òfin náà ti fọ́. Bekenstein kò gbà kó fọ́. Ó rántí ohun tí Stephen Hawking ti fi ìṣirò hàn ní 1971, pé ààlà ihò dúdú, ibi tí ohun tó bá kọjá kò ti lè padà mọ́, títí kan ìmọ́lẹ̀, kì í dín ní fífẹ̀. Bí ihò méjì bá di ọ̀kan, ojú ààlà ti tuntun kò lè kéré sí àpapọ̀ ti àwọn méjèèjì. Bekenstein so fífẹ̀ yìí mọ́ ẹ́ńtírópì, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní kíkún ní 1973.

Hawking kò gbà. Ohun tó bá ní ẹ́ńtírópì gbọ́dọ̀ ní ìgbóná, ohun tó bá sì gbóná gbọ́dọ̀ máa tan ìtànṣán. Kí ni yóò ti inú ihò tí kì í tú ohunkóhun sílẹ̀ jáde? Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní 1974, nígbà tí Hawking fi ẹ̀kọ́ kúáńtọ̀mù ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí ààlà náà, ó rí i pé ìtànṣán ń jáde lóòótọ́. Ìṣirò yẹn ló fún Bekenstein ní iye tó ń wá: ẹ́ńtírópì ihò dúdú jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ ojú ààlà rẹ̀, bí a bá fi ìwọ̀n Planck wọ̀n ọ́n. Ìtànṣán Hawking ni gbogbo ayé ń pe ìtànṣán náà. Ọlá yẹ ẹni tó jẹ́ kí ìṣirò borí èrò ara rẹ̀, àmọ́ èrò Bekenstein ló bí ìṣirò náà, kò sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa kẹ́yìn.

Ohun tó jinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú ààlà yìí. Ẹni tó fẹ́ mọ iye àgbàdo tí àká lè gbà, inú àká ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ara ògiri rẹ̀. Ti ihò dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń sọ iye ohun tó lè wà nínú rẹ̀. Gerard 't Hooft àti Leonard Susskind ti èyí síwájú ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ní ó lè jẹ́ bí gbogbo àgbáyé ṣe rí nìyẹn. Ní 1997, Juan Maldacena, ọmọ Ajẹntínà, gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ níbi tí ayé tó ní agbára òòfà ti bá ayé mìíràn tí kò ní in, tó wà létí rẹ̀, dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó tíì rí ìtànṣán náà láti ara ihò dúdú kankan lójú ọ̀run. Èyí tó bá wúwo tó oòrùn, ìgbóná rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 60 nínú bílíọ̀nù digírì Kelvin kan lọ, nígbà tí ìtànṣán tó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé wà ní 2.7. Ohun tó ń gbà wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ.

Síbẹ̀, ìtànṣán yẹn ti dá ìjà tó le jù lọ sílẹ̀. Ní 1976, Hawking sọ pé bí ihò dúdú bá tàn títí tó fi tán, gbogbo ìròyìn nípa ohun tó gbé mì yóò ṣègbé. Ẹ̀kọ́ kúáńtọ̀mù kò gba irú èyí láyè. Don Page, tó ti bá Hawking ṣiṣẹ́ rí, fi hàn ní 1993 bí ìròyìn náà yóò ti máa padà jáde bí kò bá ṣègbé: díẹ̀ ni ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìdajì ìrìn ni yóò tó máa pọ̀. Hawking gbà ní Dublin ní 2004 pé ìròyìn kì í ṣègbé, ó sì san tẹ́tẹ́ tó bá onímọ̀ físíìsì John Preskill ta lórí rẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì ṣe ìṣirò tó bá ohun tí Page fi hàn mu. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, àmọ́ kò tíì sọ ọ̀nà tí ìròyìn ọ̀hún ń gbà jáde.

Bekenstein kú ní Helsinki ní oṣù kẹjọ 2015. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ LIGO gbá ìgbì agbára òòfà mú fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ara ihò dúdú méjì tó forí gbárí. Ìgbì mìíràn tó dé ní oṣù kìíní 2025 hàn kedere débi pé wọ́n lè wọn ojú ààlà: ti ihò méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 240,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lápapọ̀, ti èyí tó jáde lára wọn sì jẹ́ nǹkan bí 400,000. Fífẹ̀ náà lé sí i gẹ́gẹ́ bí Hawking ti wí. Ohun tó kù ni kíka ẹ́ńtírópì tí fífẹ̀ náà ń wọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Andrew Strominger àti Cumrun Vafa ti kà á ní 1996, iye tí wọ́n rí sì bá ti Bekenstein àti Hawking mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n irú ihò dúdú àkànṣe kan ni wọ́n kà, èyí tí kò sí irú rẹ̀ lójú ọ̀run. Ti àwọn tí LIGO ń gbọ́ ìró wọn yìí, a kò tíì kà á.