Àwọn Obìnrin Inú Eré Shakespeare Nínú Sinimá Íńdíà

Ìgbà tí sinimá kò tíì ní ohùn ni àwọn ará Íńdíà ti ń sọ eré Shakespeare di fíìmù. Ní 1927 ni Dil Farosh jáde, láti inú The Merchant of Venice. Ní 1935, Sohrab Modi ṣe Khoon Ka Khoon, Hamlet tó ń sọ èdè Urdu. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé ti àwọn Parsi ló ti la ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n ti ń gbé eré wọ̀nyí káàkiri ìlú, wọ́n ń fi orin kún un, wọ́n sì ń gé èyí tí kò bá ti dùn mọ́ òǹwòran dànù. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá ohun tí òǹkọ̀wé wí nìyẹn.

N kò ní pẹ́ lórí àwàdà àti ìtàn ìfẹ́. Angoor (1982) ti Gulzar, tó mú ìtàn ìbejì inú The Comedy of Errors, ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ti Romeo and Juliet pọ̀ jáǹtirẹrẹ, láti Qayamat Se Qayamat Tak (1988) dé Ram-Leela (2013).

Iṣẹ́ olùdarí fíìmù Vishal Bhardwaj ló gba àròjinlẹ̀. Ibi tó gbé ìtàn lọ ni àwọn alámèyítọ́ sábà ń yìn. Lójú tèmi, ohun tó fi lé àwọn obìnrin lọ́wọ́ ló ju ìyẹn lọ. Nínú Maqbool (2003), tó ti inú Macbeth wá, ọba di Abbaji, olórí àwọn ọ̀daràn Mumbai. Àwọn àjẹ́ di ọlọ́pàá méjì tí Om Puri àti Naseeruddin Shah ṣe: wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn kó lè ṣẹ. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Nimmi, tí Tabu ṣe. Lady Macbeth jẹ́ ìyàwó ilé tó ń lé adé fún ọkọ; Nimmi jẹ́ àlè Abbaji, Maqbool, Macbeth inú fíìmù náà, ló sì wù ú. Ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò fẹ́. Nígbà tó lóyún, Maqbool kò mọ ẹni tó ni ín.

Othello gba ọ̀nà méjì. Jayaraj ló kọ́kọ́ ṣe é ní èdè Malayalam, Kaliyattam (1997). Othello tirẹ̀ ni Kannan, ẹni tí òrìṣà ń gùn nínú ìjọsìn Theyyam ní Kerala. Ojú rẹ̀ tí ìgbóná ti bàjẹ́ ló dípò àwọ̀ dúdú. Fíìmù tó lẹ́wà ni, Suresh Gopi sì gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó dára jù lọ ní Íńdíà fún un, àmọ́ ọ̀rọ̀ Kannan ló borí ohun gbogbo níbẹ̀. Bhardwaj gbé Omkara (2006) lọ sí Uttar Pradesh, láàárín àwọn jàǹdùkú olóṣèlú, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbí díwọ̀n èèyàn. Ìyá Omkara kì í ṣe ọmọ ìran gíga bíi ti bàbá rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ìgbànú olówó iyebíye tí wọ́n jogún nínú ìdílé ló dípò aṣọ ìnujú inú eré náà. Indu, ìyàwó Langda tó dípò Iago, ló mú un. Nínú ìwé, Iago gún ìyàwó rẹ̀ pa, òun fúnra rẹ̀ sì wà láàyè títí eré fi parí. Bhardwaj kò gbà bẹ́ẹ̀: Indu ló dú Langda bí ẹran.

Haider (2014), tí Basharat Peer bá Bhardwaj kọ, gbé Hamlet lọ sí Kashmir ní 1995. Ológun mú bàbá Haider, dókítà tó tọ́jú ajàjàgbara kan nílé. Ghazala ìyá rẹ̀, Tabu kan náà, wá di ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò kú, tí kò sì sí nílé. Òun gan-an ló fẹnu sọ̀rọ̀ ajàjàgbara náà fún Khurram àbúrò ọkọ rẹ̀, tó lọ tú u fún ológun. Gertrude, ìyá Hamlet, mu májèlé láìmọ̀. Ghazala fọwọ́ ara rẹ̀ so bọ́ǹbù mọ́ra, lẹ́yìn tó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀san kì í bí nǹkan kan ju ẹ̀san lọ. Khurram kò kú, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa òun. Hamlet kò ní jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Haider rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ láàyè.