Kọ́mà Tó Ti Abidjan Wá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ti Abidjan dé sílé níbí ní Ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ọmọ tó mọ ìṣirò ni, àmọ́ òdo ni wọ́n ń fún un ṣáá, wọ́n tiẹ̀ dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Ìgbà tá a ṣí ìwé ẹ̀, a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí wa. Ibi tó yẹ kí póìǹtì wà, kọ́mà ló fi sí: 2,5 ni méjì ààbọ̀ tiẹ̀. Ó fa ìlà kọjá láàárín 7, 1 rẹ̀ sì ní imú gígùn tó fi jọ 7 tiwa. Tó bá ń pín iye, ọwọ́ ọ̀tún ló ń kọ iye tó fi ń pín in sí. Ìdáhùn ẹ̀ tọ̀nà o. Bí Faransé ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́.

Àwa tá a ń kọ software mọ ìyà kọ́mà yẹn. Fi 2,500 tí ará Abidjan kọ sínú kọ̀ǹpútà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, kílò ìṣó méjì ààbọ̀ á di 2500.

Báwo ni Faransé ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa? Èjìgbò ò jìnnà sí Ara. Láti ayé òyìnbó amúnisìn làwọn ará ibẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, títí dòní lẹ á sì gbọ́ Faransé ní Èjìgbò, tí wọ́n ń ná sefà. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abidjan á kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, á wọ Faransé ní Benin àti Togo, á tún bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní Ghana, kó tó wá padà wọ Faransé.

Àwọn kan máa ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni irú àṣà báyìí ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká wo Faransé àti Spéìn tí wọ́n pààlà. Nígbà tí ará Faransé bá jẹun alẹ́ tán, ará Spéìn lè má tíì gbé ìkòkò kaná. Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni tiwọn. Ní 1940, ìjọba Franco sún aago Spéìn síwájú ní wákàtí kan, wọn ò sì dá a padà mọ́. Ó wà lára ohun tó fà á. Oòrùn ò gbọ́ àṣẹ Franco.

Tiwa náà, àṣẹ ìjọba ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ní November 18, 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó sá wálé. Ojú wọn rí màbo, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ wọn bá nílé ìwé níbí: póìǹtì ibẹ̀, póìǹtì ibí. Àwọn ọmọ tí ogun Côte d'Ivoire lé wálé ní 2002, àti lẹ́yìn ìdìbò 2010, ò rí ìyẹn. Lọ́hùn-ún, Anàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Níbí, ọmọ Abidjan.

Màmá wa àgbà ṣì ń pe náírà méjì ní pọ́n-ùn kan, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pààrọ̀ owó ní 1973. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní òdo rí.

A mú ìwé ọmọ náà lọ bá olùkọ́ ẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá máàkì ẹ̀ padà. Àmọ́ kíláàsì tí wọ́n dá a padà sí yẹn, ibẹ̀ ló ṣì wà.