Ọkàn tó ń lù ségesège: bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n, àtohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹni tó bá sáré sọdá títì ní Challenge, n'Ílọrin, torí ọ̀kadà tó ń bọ̀, àyà ẹ̀ á máa lù kìkìkì fúngbà díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó yẹ kéèyàn fura sí ni kó jókòó jẹ́ẹ́ nídìí ọjà ẹ̀, kí ọkàn ẹ̀ ṣàdédé máa sáré, tàbí kó lù lẹ́ẹ̀mejì kó fo ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àyà àwọn ń já, wọ́n á sì gbà pé ayé ló ń ṣe àwọn.

Iná kékeré kan wà nínú ọkàn tó ń sọ ìgbà tó máa lù fún un. Bí iná yìí bá darú, ọkàn lè sáré jù, ó lè falẹ̀ jù, ó sì lè máa gbọ̀n rìrì dípò kó ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Fún àgbàlagbà tó ń sinmi, 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan ló bójú mu. Ti eléré ìdárayá lè dín ní 60.

Kíkà á ò le. Ẹ kọ́kọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, níbi tó bá àtàǹpàkò wá, kẹ́ ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má wo iye nìkan o. Ṣé ó dọ́gba, àbí ó dà bí ìgbà tọ́mọdé ń fi igi lu korobá?

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń fà á jù. Irú gẹ̀gẹ̀ kan, ọtí àmujù, ìgbẹ́ gbuuru tó fa omi ara gbẹ, àtàwọn oògùn kan bíi quinine náà lè fà á. Irú tó wọ́pọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn; bí èyí tó dì bá gba ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ewu rọpárọsẹ̀ fún ẹni tó ní in tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ó kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn ẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì ga. Lóṣù Kẹfà, ọdún 2021, Christian Eriksen ti Denmark ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Copenhagen, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà ẹ̀ kíákíá, wọ́n sì fi ẹ̀rọ iná jí ọkàn ẹ̀. Ó tún padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Torí náà, bẹ́nì kan bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ pariwo, ẹ pe 112. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn láàárín àyà ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, lẹ́ẹ̀ 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí olùrànlọ́wọ́ á fi dé. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má rọ epo fún un.

Bí òòyì, àyà dídùn tàbí àìlèmí dáadáa bá bá àyà jíjá rìn, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá sí wọn, ẹ ṣì lọ ṣe àyẹ̀wò ECG, ní UITH tó wà ní Oke-Ose tàbí ilé ìwòsàn mìíì tó ní in. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó máa ń ṣe yín sílẹ̀, torí ó lè má ṣe yín níwájú dókítà. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó mu àgbo kankan mọ́ ọn.