Baba Ńlá Tó Jẹ́ Àgbẹ̀

Ìwé ìtàn Ìbàdàn kún fún Balógun, Baṣọ̀run àti Ìyálóde. Àgbẹ̀ tó gbin iṣu tí àwọn ọmọ ogun wọn jẹ kò ní orúkọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni baba ńlá ọ̀pọ̀ ẹni tí agboolé wọn wà ní Ìdí Arẹrẹ lónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ irú baba bẹ́ẹ̀ kò lè dúró sí ìgboro. Ilé ni ará Ìbàdàn ní nílùú, oko ló ti ń jẹun, abúlé ìdílé sì sábà máa ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Oríkì orílẹ̀ yóò sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kò ní sọ ọdún. Ogun ni àwọn àgbà fi ń ka ọdún: ẹni tí wọ́n bá ní a bí nígbà ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862 ni. Ti Kírìjì ṣòro díẹ̀, nítorí láti 1877 ni àwọn ọmọ ogun ti wà lójú ogun, wọn kò sì túká títí di 1893.

Àwọn mìíràn ṣe oríire, ẹnìkan kọ nípa wọn. Ní Kúdẹtì, nítòsí Ìdí Arẹrẹ, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ fìdí ìjọ múlẹ̀ ní 1853. Àkọsílẹ̀ Anna ló jẹ́ kí a mọ Yéjídé, ọmọdébìnrin tí baba rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ láti kọ́ ní ìwé.

Ti Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ọmọ ìdílé Aperin, tún ju ìyẹn lọ. Olóyè yìí, aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ kó tó kú ní 1963. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike, Yunifásítì Ìbàdàn. Kòkó, gbèsè àti ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé ló kún inú rẹ̀: ohun tí akéwì kò ní fi kini.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Oríkì kì í sọ pé baba wá sóko náà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà tàbí ẹrú, ìwé sì lè sọ ọ́. Nígbà tí kòkó sọ ilẹ̀ oko di owó, ìbéèrè pé ta ló kọ́kọ́ ṣánko níbẹ̀ dé kóòtù, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi ń dákẹ́ bí ọmọ bá béèrè orúkọ baba ńlá rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé.