Ayò Ọlọ́pọ́n Nínú Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Dì Í, Kí Ló Sọ Ọ́?

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tó ń lo kọ̀ǹpútà, ó sì kan ẹ̀yin òbí wọn.

Àwọn àgbà inú wa rántí díìṣì ńlá tó wà nílùú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni NET, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìpè òkè òkun nígbà náà, gbé ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kalẹ̀ sí Láńlátẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn àwọn ará òkè òkun ń gbà wọ Nàìjíríà. Ní 1985, wọ́n pa NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù P&T, ó di NITEL. Tipẹ́tipẹ́ la ti ń gba ti ayé wọlé. Kí ni àwa náà ń dì ránṣẹ́?

Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde. Ẹnikẹ́ni ló lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Ṣùgbọ́n láyé ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ fi eré kan sórí rẹ̀ máa làágùn. Fúnra rẹ̀ ni yóò tò ó pọ̀. Bí ẹyọ nǹkan kan bá ṣẹ́kù, kò ní ṣiṣẹ́, bí ẹni gbé ẹ̀rọ ìlọta dé oko tí ò mú bẹ́líìtì rẹ̀ dání.

Ní oṣù kẹjọ 1993, Ian Murdock dá Debian sílẹ̀. Ọgbọ́n tiwọn ni pé kí wọ́n di sọfitíwíà kọ̀ọ̀kan sí páálí. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti àwọn páálí mìíràn tó gbára lé. Nígbà tí apt bá Debian 2.1 jáde ní 1999, iṣẹ́ bùṣe: ẹ dárúkọ ẹyọ kan, apt á kó òun àti gbogbo ohun tó nílò wá. Orí Debian yìí ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, kọ́ Ubuntu lé ní 2004.

Lára eré tí wọ́n dì sínú Debian, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ awale. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àbí ẹ ò dá a mọ̀? Ìbátan ayò ọlọ́pọ́n ni! Awalé ni wọ́n ń pè é ní Ivory Coast. GCompris náà, àkójọ eré ọmọdé tí Bruno Coudoin ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2000, oware ló pè é, bíi ti àwọn ará Ghana. Ẹnikẹ́ni ò jà wá lólè o. Ẹni tó di ẹrù ló ń kọ orúkọ sí i.

Dídì nìkan ò sì tó. Páálí tí olùtọ́jú rẹ̀ bá fi sílẹ̀, ọmọ òrukàn ni Debian ń pè é. Bí kò bá rẹ́ni gbà á tọ́, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ College of Education ìlú wa, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ lọ bá àwọn bàbá nídìí ọpọ́n, kí wọ́n kọ́ yín ní òfin ayò bí wọ́n ṣe ń ta á ní Ìbàràpá. Ẹ kọ ọ́, ẹ dì í, ẹ pè é ní ayò, kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀. Kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ní ọ̀ta, kó pe ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ní òpè. Kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà lórí Linux, àmì ohùn ò ní jẹ́ ìṣòro.

Ẹ má sọ pé dátà wọ́n. Páálí tí ẹnì kan bá fi apt-get gbà, ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wà nínú /var/cache/apt/archives. Ẹ fi fláàṣì kó o fún ẹlòmíràn tó ń lo irú Linux kan náà.

Díìṣì ọjọ́sí gba ohùn ayé wọlé. Ẹ jẹ́ ká di tiwa náà síta, ká kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí i lára, kó má di pé ọmọ Láńlátẹ̀ máa ta ayò lórí kọ̀ǹpútà, tí kò ní mọ̀ pé ayò ni.