Ilé-Ẹ̀kọ́ Fíìmù ti Accra (1948–1949)

Ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti Accra jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí a ti kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní iṣẹ́ fíìmù. Colonial Film Unit, ẹ̀ka ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1948. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n gbà: mẹ́ta láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, àti mẹ́ta láti Nàìjíríà.

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó ti ń fi fíìmù kọ́ni ní ìmọ́tótó ní Nàìjíríà ṣáájú ogun àgbáyé kejì, gbà pé ará oko ní Áfíríkà kò lè lóye fíìmù àfi bí ó bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí ìran kò yára yí padà, tí a kò sì lo ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí wọ́n dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, Sellers di aṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, èrò rẹ̀ sì di ìlànà. Láti ìgbà ogun náà ni àwọn ọkọ̀ sinimá ti ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri Gold Coast, títí dé agbègbè àríwá tí Tamale jẹ́ ibùjókòó ìjọba rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń wòran. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń pinnu ohun tí òye wọn lè gbé.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi irinṣẹ́ lé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ya ìran àti bí a ṣe ń gé e, tí a sì ń tò ó. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé fíìmù ti mọ̀ pé ẹnì kan ni ó yan ohun tí a rí, tí ó sì yọ ìyókù kúrò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Gold Coast, Sam Aryeetey, Bob Okanta àti R. O. Fenuku, wọ iṣẹ́ Gold Coast Film Unit lábẹ́ Sean Graham, ẹni tí kò tẹ̀lé ìlànà Sellers. Ní 1952, ẹ̀ka náà gbé *The Boy Kumasenu* jáde, ìtàn ọmọ abúlé apẹja kan tí ó bá ara rẹ̀ ní Accra. Aryeetey darí *No Tears for Ananse* ní 1968, ó sì di olórí iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba Gánà lẹ́yìn náà. Ní 1978, Gánà dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ fún fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, NAFTI, sílẹ̀ ní Accra. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, àwọn tí a ní wọn kò lè lóye fíìmù ti di àwọn tí ń kọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe ń ṣe é.